Kíkọ ẹ̀dùn ọkàn sínú kàyé ń lé oorun lọ: ibo la ti ṣì í?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwa obìnrin mẹ́jọ la máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé lẹ́bàá ọjà Ouando. Ẹrù ọkàn ló kó wa jọ: ọ̀fọ̀ ni ti àwọn kan, ilé ọkọ tó tú ni ti àwọn mìíràn. A fohùn ṣọ̀kan pé kí kálukú máa kọ ohun tó ń dùn ún sínú kàyé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálaalẹ́ kó tó sùn, ká sì máa kà á sétí ara wa tí Sátidé bá dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, oorun ti dá lójú àwọn méjì, ẹnì kan sì ní òun ò wá mọ́. Ṣé ká pa kíkọ tì ni, àbí bí a ṣe ń ṣe é ni kò dáa? A tún gbìyànjú láti fi amọ̀ mọ àwo kékeré, gbogbo rẹ̀ ló sán kó tó gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa dáadáa.

Akọ̀wé Kétu

Ẹ kú ìtọ́jú ara yín o. Ẹ má pa kíkọ tì. Òpin ló kù tí kò sí nínú tiyín.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé lónìí ti ọwọ́ James Pennebaker, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwà ènìyàn, àti Sandra Beall wá ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1986. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́ kọ ọ̀rọ̀ tó dùn wọ́n jù láyé wọn, fún ọjọ́ 4 léraléra, ó parí. Láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ wọn tó àwọn yòókù. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó kàn yín gan-an: ní kété tí wọ́n gbé bíìkì sílẹ̀, inú wọn bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga sókè. Ìbànújẹ́ yẹn sábà máa ń fúyẹ́ láàárín wákàtí kan sí méjì. Ẹni tó bá kọ ọ́ lórí ibùsùn ń gbé e wọ inú oorun nìyẹn.

Ẹ mú kíkọ wá sí nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, níbi tí ẹ kì í sùn. Ẹ jẹ́ kí fóònù ka ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti dún, ẹ dúró, kódà bí gbólóhùn ò tíì parí. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọwọ́ níṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ fọ abọ́, ẹ gbálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré, kí ẹ wá pa kàyé dé fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án ẹ ó ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná.

Ẹ fi ojú ìwé ọjọ́ kìíní wé ti ọjọ́ kẹta. Bí “wọ́n ṣe mí báyìí, wọ́n ṣe mí báyìí” kan náà ló wà níbẹ̀, ọkàn ń yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn ni, kíkọ sí i kò sì ní tú u. Bí “nítorí pé” àti “mo wá rí i pé” bá ń yọjú, ọ̀nà ń là. Pennebaker kíyè sí i pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ sí i nínú ìwé àwọn tí kíkọ ṣe láǹfààní. Ẹni tó bá há sójú kan náà, ẹ ní kó fi oríkì rẹ̀ pe ara rẹ̀: “Àṣàkẹ́, kí ló bà ọ́ lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí?” Kó má lo “mo” lọ́jọ́ náà. Ethan Kross àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2014 pé ẹni tó bá fi orúkọ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń rí ọ̀ràn rẹ̀ bí ẹni tó dúró lókèèrè wò ó. Tiwa tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohùn ìyá ni etí máa ń gbọ́ nínú oríkì.

Àwọn ọlọ́fọ̀ yín, ẹ má fi dandan mú wọn kọ. Margaret Stroebe àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ yẹ èyí wò lára àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn kú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002: kíkọ kò mú kí ọ̀fọ̀ wọn tètè fúyẹ́. Ẹ fún wọn ní amọ̀.

Kíkà síta, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa gbọ́ tòun á máa kọ èyí tó ṣeé gbọ́.

Alámọ̀ Àjàrá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Àwo sábà máa ń sán nítorí pé ó nípọn lápá kan, ó fẹ́lẹ́ lápá kejì: ibi tó fẹ́lẹ́ á gbẹ kíá, á sún kì, á wá ya mọ́ ibi tó ṣì tutù. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni omi àpọ̀jù tí ẹ fi ń pa ojú rẹ̀.

Kílò amọ̀ kan ti tó ẹnì kan. Ẹ po èérún ìkòkò tí a gún kúnná mọ́ ọn, ìwọ̀n kan sí amọ̀ márùn-ún. Ẹ pò ó lórí pákó fún ìṣẹ́jú 10 kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ fi okùn tín-ín-rín gé e sí méjì, bí ẹ bá rí ihò, ẹ tún un pò. Ẹ rọ ọ́ ní róbótó bí ọsàn ńlá, ẹ ti àtàǹpàkò bọ àárín rẹ̀ títí tí ìdí rẹ̀ á fi ku bí ìbú ìka kan. Ẹ wá máa fún un láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ètè ni kí ẹ ṣe kẹ́yìn, torí òun ló ń tètè gbẹ. Bí ojú rẹ̀ bá ń ya, ìka kan péré ni kí ẹ tì bọ omi.

Ẹ fi ọ̀rá bò ó nínú ilé fún ọjọ́ méjì, kí ẹ ṣí i, kí ẹ dojú rẹ̀ dé fún ọjọ́ márùn-ún sí i. Ẹ má sun ún. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, iná á sọ ọ́ di ooru, á sì fọ́ àwo náà. Fún ohun tí ẹ ń wá, mo tilẹ̀ fẹ́ràn èyí tí a kò sun, torí ó ṣeé dá padà sínú garawa omi, kó tú, kí ẹ tún un mọ.

Ẹ má lé ẹwà. Ní 2016, Girija Kaimal àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Drexel fún àwọn ènìyàn 39 ní ìṣẹ́jú 45 pẹ̀lú amọ̀, àwọ̀ àti bébà gígé. Cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú, lọ sílẹ̀ lára bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́. Bí ọkàn bá sá lọ, ìtutù amọ̀ lábẹ́ ìka ni kó pè é padà. Àṣàrò nìyẹn.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Mo gbà pẹ̀lú Akọ̀wé, àfi ti kíkà síta. Kí kálukú mú gbólóhùn kan ṣoṣo tó yàn fúnra rẹ̀ wá, kí àwọn yòókù ní “a gbọ́”, kí ẹnikẹ́ni má gbani nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn tí a kò béèrè ló ń lé ènìyàn kúrò nínú irú ẹgbẹ́ yìí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mí fún ìṣẹ́jú 5: ẹ fi imú fà á wọlé, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá 4, ẹ tú u jáde, ẹ ka 6. Ìgbà tí èémí ń jáde ni ọkàn-àyà máa ń rọra lù, ìdí nìyẹn tí ìjáde fi gùn jù. Bí òòyì bá ń kọ́ni tàbí tí ìka ń jóni, èémí pọ̀ jù. Ẹ fa díẹ̀, kó ṣì falẹ̀. Ẹni tí ohun ẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ sí kò gbọ́dọ̀ dijú: kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó wo ojú kan nílẹ̀.

Bí oorun kò bá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti dá kíkọ alẹ́ dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kó dá lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè kan ló kù: Faransé la fi kàwé, Yorùbá tàbí Gùn la fi ń sunkún. Àwọn méjì kò sì mọ̀wé rárá.

Akọ̀wé Kétu

Ti gbólóhùn kan yẹn dáa, mo fara mọ́ ọn. Èdè tí ẹkún bá bá wá ni kí ẹ fi kọ, ìbáà má sí àmì kankan lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná jù, ẹ lè fi Faransé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, torí èdè tí a kọ́ nílé ìwé kì í gúnni lọ́kàn tó ti ìyá ẹni. Kí ẹ wá bọ́ sí ti ilé lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tí kò mọ̀wé, kí wọ́n gbà á sínú fóònù, ìṣẹ́jú 15 náà ni, kí wọ́n pa dátà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí wọ́n má lo WhatsApp. Ẹ̀rọ agbohùn inú fóònù ni kí wọ́n lò. Tí wọ́n bá pa á rẹ́, kí wọ́n tún wọ ibi tí fóònù ń kó ohun tí a pa rẹ́ sí, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́.