Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka kábọ́ọ̀nù nínú orúkọ IUPAC (ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń sọ èròjà kẹ́míkà lórúkọ)?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá kẹ́mísírì. WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò sì yé mi. Nínú CH≡C–CH2–CH=CH2, ọ̀dọ̀ ìdè oníméjì (=) ni wọ́n ti ka kábọ́ọ̀nù: pent-1-en-4-yne. Ó dáa. Àmọ́ nínú CH3–CH=CH–C≡CH, ọ̀dọ̀ ìdè onímẹ́ta (≡) ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: pent-3-en-1-yne! Ìwé ọwọ́ mi kàn kọ orúkọ sílẹ̀ ni, kò sọ ìdí. Ṣé nọ́ńbà tó kéré jù la kọ́kọ́ ń wò, tó bá wá dọ́gba, ká fún ìdè oníméjì láǹfààní? Tí OH (ọ́síjìn àti háídírójìn tó so pọ̀) bá tún wọ̀ ọ́ ńkọ́, bíi ti pent-4-en-2-ol? Ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ o, mi ò ní dátà. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ síbí.