Kí ni mo lè fi dá dẹ́ẹ̀kì Sliver dúró?
Ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré káàdì Magic, ẹ gbà mí o. Àwa mẹ́rin la jọ ń ta Commander, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ta Magic, àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Sliver sì ni ẹnì kan nínú wa kó jọ sínú dẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan bá lè ṣe, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Tí Sliver Hivelord, tó ń sọ gbogbo Sliver rẹ̀ di aláìṣeéparun, bá ti yọjú pẹ́nrẹ́n, Wrath of God, káàdì tó ń pa gbogbo ẹ̀dá run, di eré ọmọdé. Dẹ́ẹ̀kì aláwọ̀ dúdú àti funfun ni tèmi. Káàdì Toxic Deluge lè rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n á fi kú, àmọ́ ẹ̀mí mi ni mo máa fi san án. Ṣé kí n fi káàdì yẹn pamọ́ ni, àbí kí n tètè máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn méjì yòókù kàn ń wòran ṣáá ni!