Irinṣẹ́ fún Esperanto ní Ilé-Ifẹ̀: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Lágèrè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní OAU. Àwa mélòó kan ń kọ́ Esperanto níbí, èdè àtọwọ́dá tí Dókítà Zamenhof gbé jáde ní Warsaw lọ́dún 1887. Kì í ṣe eré lójú wa. Lọ́dún 2024 ni àpérò àgbáyé àwọn tó ń sọ ọ́ kọ́kọ́ wá sí Áfíríkà, ní Arusha, orílẹ̀-èdè Tanzania. Àwọn ará Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tó wà nítòsí wa sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ìwé atúmọ̀ tí ẹni tó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọ lè ṣí lórí fóònù. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé la máa ń gbà kọjá.

A fẹ́ yọ̀ǹda ara wa láti ṣe é. Ẹnì kan ní ká ṣe áàpù, ẹlòmíràn ní kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀kẹta ní ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ gbólóhùn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí yunifásítì bá ti gba ìsinmi, kálukú á gba ilé wọn lọ, iṣẹ́ á dúró. Owó ò sí. Èwo ni ká kọ́kọ́ mú? Báwo la ṣe máa pín in tí kò fi ní já lé ẹnì kan léjìká?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Àbúrò, kóòdù ni mò ń kọ jẹun. Ẹ má tíì fọwọ́ kan áàpù rárá. Àkójọ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nínú fáìlì lásán tí ẹnikẹ́ni lè ṣí: ọ̀rọ̀ Esperanto, ọ̀rọ̀ Yorùbá, gbólóhùn kan tó fi ìlò rẹ̀ hàn, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Áàpù kì í pẹ́ kú. Ẹni tó kọ ọ́ á ríṣẹ́ sí Èkó, fóònù á yí padà, ó parí. Fáìlì yẹn á ṣì wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo irinṣẹ́ yòókù á ti máa mu ọ̀rọ̀.

Kí ẹ sì mú èyí tó ní òpin. Nínú ìwé àkọ́kọ́ Zamenhof, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tó tò síbẹ̀ tó bíi 900. Ẹ pín in ní àádọ́ta-àádọ́ta, kí ẹni méjì mú ìpín kan: ọ̀kan kọ, èkejì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpín kan kò ju ohun tí èèyàn lè parí kí ìsinmi tó dé. Tí ẹ bá parí èyí, ẹ bọ́ sí Universala Vortaro, àkójọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú Fundamento, ìwé ìpìlẹ̀ Esperanto ti 1905. Gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ lé ní 2,500.

Ohun tó bá ti wà, ẹ má tún un ṣe. Hunspell, tó ń yẹ sípẹ́lì wò nínú LibreOffice àti Firefox, ti ní fáìlì Esperanto.

Màmá Ìbejì (Mọ́dákẹ́kẹ́)

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọmọ mi. Yorùbá fúnra rẹ̀, mélòó nínú yín ló ń fi àmì sí i lórí fóònù? Mo ń rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí n ó kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Kí ló dé tí agbára yín ò kọ́kọ́ lọ síbẹ̀?

Olùkọ́ Yorùbá (Ilé-Ifẹ̀)

Màmá, òótọ́ lẹ sọ, ó sì ń dun èmi náà. Nítorí ẹ ni mo ṣe fẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù tẹ̀lé àkójọ ọ̀rọ̀ yẹn, kíbọ́ọ̀dù kan tó máa tẹ èdè méjèèjì. Mẹ́fà péré ni lẹ́tà onífìlà Esperanto: ĉ, ĝ, ĥ, ĵ, ŝ, ŭ. Tiwa ni ẹ, ọ, ṣ, pẹ̀lú àmì ohùn. Keyman, ètò tí a fi ń ṣe kíbọ́ọ̀dù, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gba èèyàn láàyè láti ṣe kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Àbúrò, fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ á ti dà rú. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà Esperanto kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tirẹ̀. Ẹ́ tàbí ọ̀ tiwa kò ní; àmì ohùn rẹ̀ dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà. Ẹnì kan lè tẹ lẹ́tà ẹ kó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn á tẹ lẹ́tà é kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ìkan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ náà kò ní rí i. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà ìtẹ̀ méjèèjì yẹn di ọ̀kan náà, kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí èèyàn bá tẹ̀ láti fi wá ọ̀rọ̀.

Ọmọ Lágèrè

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹnì kan láàárín wa ní ká kúkú da ọ̀rọ̀ kọ látinú ìwé atúmọ̀ tó wà lórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé. Ṣé ó dáa?

Olùkọ́ Yorùbá

Rárá o. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ló ni ín. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Ajayi Crowther tẹ̀ lọ́dún 1843 kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n àkọtọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti òde òní, ẹ ní láti tún un kọ. Ti Esperanto ò ní wàhálà: nínú ìwé 1887 yẹn gan-an ni Zamenhof ti kéde pé gbogbo ayé ló ni èdè náà, pé òun yọwọ́ ẹ̀tọ́ òun kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ àṣẹ ìlò tiyín náà sórí fáìlì láti ọjọ́ kìíní, kí gbogbo ẹni tó bá dá sí i fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Àfikún kékeré. Àwọn tí kò mọ kóòdù, ẹ rán wọn lọ sí ìkànnì Tatoeba kí wọ́n máa túmọ̀ gbólóhùn, tàbí ìkànnì Common Voice, tó ń kó ohùn èèyàn jọ, kí wọ́n ka gbólóhùn sókè. Yorùbá àti Esperanto wà níbẹ̀ méjèèjì, fóònù nìkan ló gbà. Pásíwọ́ọ̀dù ibi tí fáìlì wà, ẹni mẹ́ta ni kó mọ̀ ọ́n, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Màmá Ìbejì

Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ wí yìí, ṣé ó máa ṣiṣẹ́ lórí Android?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Á ṣiṣẹ́, mà. Keyman ní ti Android.

Màmá Ìbejì

Ó dáa. Ẹ fi àádọ́ta kan ránṣẹ́ sí mi. Mi ò gbọ́ Esperanto, ṣùgbọ́n n ó yẹ apá Yorùbá wò.