Ẹ bá mi yẹ eré chess yìí wò: níbo ló yẹ kí n ti yà kúrò nínú àfarawé?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ mọ chess dáadáa. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Nínú ìdíje tí a ta níbí ní Sátidé, ọmọ ayò dúdú ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tó kọjú sí mi fi c4 bẹ̀rẹ̀ (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni orúkọ ojú ilé lórí pátákó), èmi náà fi c5 dá a lóhùn. Ẹṣin rẹ̀ jáde, tèmi náà jáde. Ó gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g2, mo gbé tèmi sí g7. Ó ta a3, mo ta a6. Rúùkù, ọmọ ayò tó dà bí ilé ìṣọ́, sí b1, rúùkù tèmi sí b8. Ó ta b4, mo jẹ ẹ́, ó jẹ padà. Mo ta b5, a tún jẹ ara wa. Ẹṣin f3, ẹṣin f6, d4, d5. Pátákó wá dà bí ẹgbẹ́ méjì tó wọ aṣọ kan náà lọ Ojúde Ọba.

Àfi bó ṣe gbé bíṣọ́ọ̀bù kejì sí f4, tó dojú kọ rúùkù mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí aago. Mo sá sí a8. Ẹṣin rẹ̀ jẹ ọmọ ogun mi ní b5, ó tún ń wo c7, níbi tí yóò ti mú ọba àti rúùkù pọ̀. Ó dùn mí wọ eegun.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé b6 ló yẹ kí rúùkù gbà? Àbí kí n ti fi a5 dí b4 láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹnìkan ní kí n ta e6, kí ẹṣin gba e7, kí n wá ti d5. Èwo lẹ fara mọ́? Mo ń lọ ta ní Ṣágámù láìpẹ́.