Ọwọ́ òsì ló fi na fáìlì sí mi: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù tó kọjá. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, n kò ní bu iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó jọ̀ọ́ sọ tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Èmi ni mo máa ń gba fáìlì lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá mọ bí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ ṣe máa ń rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ: iná ò sí, fáànù ò yí, àwọn ọmọ tò láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ igi máńgòrò, gbogbo wọn ló sì ń kánjú.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan dé iwájú tábìlì mi. Híjáàbù funfun ńlá ló wọ̀, ó bò ó dé orúnkún. Kò kúnlẹ̀. Ó kàn tẹrí ba díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì na fáìlì sí mi. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ọwọ́ òsì lo fi ń fún ìyá ẹ ní nǹkan nílé? Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀kọ́ yìí?" Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò fèsì. Ó gbé fáìlì sórí tábìlì, ó rọra fi ìka méjì tì í síwájú mi. Mo tì í padà. Mo ní kó lọ sẹ́yìn, kó lọ ronú.

Ó lọ sẹ́yìn lóòótọ́. Ó tò tó bíi wákàtí kan kó tó tún kàn án. Bó ṣe dé iwájú mi lẹ́ẹ̀kejì ni atẹ́gùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó gbé etí híjáàbù náà sókè. Ìgbà yẹn ni mo rí apá ọ̀tún aṣọ rẹ̀. Wọ́n ti ká a dé ìgúnpá, wọ́n sì fi òwú búlúù rán ẹnu rẹ̀ pa. Òwú yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ẹni tó rán an fara balẹ̀ rán an, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó dọ́gba. Ìyá kan ló jókòó nílé tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó tó jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Mo gba fáìlì. Mo lu òǹtẹ̀. N kò sọ nǹkan kan fún un. Mo ní, "Ẹni tó kàn."

Ìyẹn ló ń dùn mí jù, ju ariwo tí mo pa lọ.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n kó wa jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè máa bá oríṣiríṣi ènìyàn lò láì ta ẹnikẹ́ni nù. Obìnrin tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ pín ìwé pélébé fún wa, ó ní kí kálukú kọ nǹkan kan tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ò gbọdọ̀ ṣe. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ pé, "Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan." Ó wá ní kí a yí ìwé náà padà, kí a kọ orúkọ ẹnì kan tí a mọ̀ tí kò lè pa òfin náà mọ́, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bíírò ò gbéra lọ́wọ́ mi. N kò mọ orúkọ ọmọ yẹn. Mo lu òǹtẹ̀ sórí orúkọ rẹ̀, n kò kà á.

Lẹ́yìn èyí ló sọ fún wa ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ó ní ní 1989, ní Amẹ́ríkà, Terry Cross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé kan pé àwọn tó ń ṣètọ́jú ọmọdé gbọ́dọ̀ mọ àṣà ilé tí ọmọ ti wá. Nígbà tó di 1998, dókítà obìnrin méjì, Melanie Tervalon àti Jann Murray-García, ní mímọ̀ nìkan ò tó, ìrẹ̀lẹ̀ ló kù. Wọ́n sọ ti nọ́ọ̀sì kan. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà wá, ó ń kérora. Dókítà tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní ó jọ pé ìrora yìí pọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun ti kọ́ ọ níléèwé pé àwọn ẹ̀yà yẹn máa ń ké ju bó ṣe ń dùn wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ará, mo rí ara mi nínú nọ́ọ̀sì yẹn. Èmi náà mọ àṣà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ta ni ò mọ̀? Ohun tí mo mọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n wo apá kejì.

Bàbá kan tó jókòó tì mí, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ní, "Ní Ifẹ̀ yìí náà kọ́? Níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún aláboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò ni?" Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹni tó bá fi afín, abuké tàbí arọ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ẹni òrìṣà ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, Ọbàtálá tó mọ ọ́n ló ń bú. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Olùkọ́, Iléṣà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìgboyà. Àwàdà ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Iléṣà ni mò ń gbé, mo ń wakọ̀ lọ kọ́ni. Kíláàsì mi máa ń pọ̀, ó sì máa ń jẹ́ ọ̀sán gangan. Tí oorun bá ti ń gbé àwọn ọmọ lọ, mo máa ń já sí Yorùbá, màá fi ẹ̀fẹ̀ kan jí wọn. Nígbà mìíràn, ibi tí iṣẹ́ bá ti le jù ni màá ti fi Yorùbá là á, torí mo mọ̀ pé ó máa yé wọn kíá.

Ọmọkùnrin kan wà ní ìlà kẹta, láti Ìpínlẹ̀ Benue. Gbogbo ìgbà tí kíláàsì bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín tirẹ̀ máa ń gbẹ̀yìn díẹ̀. Á kọ́kọ́ wo ẹnu ẹni tó wà lápá ọ̀tún, á wo ti apá òsì, òun náà á wá la ẹnu. Ní ọjọ́ tí mo rí i dáadáa, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ dà rú mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ yẹn ti ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé òun nìkan ni kò gbọ́. Ibi tí iṣẹ́ ti le jù yẹn náà ńkọ́? Ta ló là á fún un?

A kì í sì í ṣe é lóore pé ó wà níbẹ̀. Ìlànà ìgbaniwọlé sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti là á sílẹ̀: ìdá 45 nínú 100 fún àwọn tó gba máàkì jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wà láyìíká ilé-ẹ̀kọ́, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rá pálá. Ìjókòó tirẹ̀ ló jókòó lé.

N kò fi Yorùbá sílẹ̀ o, n kò sì rò pé ó yẹ kí n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, ojú ẹsẹ̀ ni màá tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀fẹ̀ mìíràn kì í dùn mọ́ tí a bá ti tú u. Kò burú.

Ọmọ Sábó

Sábó, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ti ń ta ẹran níbí kí yunifásítì tó kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Haúsá ni à ń sọ nínú ilé, Yorùbá ni mò ń sọ lóde, Yorùbá Ifẹ̀ sì ni. Àmọ́ bí mo bá kí ènìyàn, wọ́n á ní, "Há, o gbọ́ Yorùbá o! Níbo lo ti kọ́ ọ?" Mo mọ̀ pé ìyìn ni wọ́n pè é. Ọmọ ogójì ọdún ni mí, wọ́n ṣì ń yìn mí pé mo gbọ́ èdè ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fún àwa náà. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ní kí a pín ara wa sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wá sọ àṣà tirẹ̀ fún àwọn yòókù. Àwọn Yorùbá kún apá kan gbọ̀ngàn. Àwọn Ìgbò méje lọ jókòó sí ẹ̀yìn. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù láàárín, mo di àga mú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣojú Àríwá fún wa." N kò gbé Àríwá rí. Mo ti lọ sí Kano lẹ́ẹ̀mejì, ìgbéyàwó ni mo lọ jẹ. Kí ni kí n sọ? Mo dìde, mo sọ bí wọ́n ṣe ń se túwó, mo jókòó.

Ìyá Ìbejì, obìnrin tó dá yín lẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe é dáadáa ju tiwa lọ. Ó ní kí ẹ kọ nípa ara yín. Tiwa ní kí á wá ṣàfihàn ara wa bí ọjà.

Ọmọ Ọwá, Iléṣà

Èmi ò ní pẹ́. Kí ẹ má rò pé ẹ̀yà mìíràn nìkan ló ń rí i. Yorùbá ni mí, ṣùgbọ́n bí ohùn Ìjẹ̀ṣà bá ti jáde lẹ́nu mi nípàdé, wọ́n á ti máa sín in jẹ, wọ́n á máa pè mí ní òsómàáló. Aṣọ àwìn ni àwọn bàbá wa tà kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n lóṣòó títí wọ́n fi gbowó wọn, wọ́n sì fi owó náà rán ọmọ níléèwé. N kò tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà rèé tí n kò ti sọ̀rọ̀ nípàdé bí n kò bá kọ́kọ́ fi ohùn ẹlòmíràn tún un sọ nínú ọkàn mi.

Ẹ̀gbọ́n Adití

Àbúrò mi ọkùnrin kì í gbọ́rọ̀. Adití ni, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "odi". Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n pè é sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa gbígba gbogbo ènìyàn mọ́ra, wọn ò sì wá ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ túmọ̀ fún un. Ó bẹ̀ mí, mo gba àyè níbi iṣẹ́ mi, mo bá a lọ.

Ó ń lọ dáadáa títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ fi fíìmù kan hàn wá nípa àwọn àkàndá ẹ̀dá. Wọ́n pa iná. Àbúrò mi ò rí ọwọ́ mi mọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo fi orúnkún méjèèjì há a mọ́ra, kó lè máa tàn sí ọwọ́ mi. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ pa iná yẹn, kò jẹ́ ká ríran." Mo pa á. Fíìmù tí wọ́n ṣe nítorí irú àbúrò mi, inú òkùnkùn ló jókòó sí.

Adití ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó dá iléèwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ara èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà tó mú wá ni èyí tí àbúrò mi ń sọ ti jáde. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi àìpé ara dẹ́yẹ sí ọmọ Nàìjíríà, wọ́n ti buwọ́ lù ú láti oṣù kìíní ọdún 2019. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ẹ bá mi ka àtẹ̀gùn tó wà níwájú ọ́fíìsì yín, kí ẹ wá wò ó bóyá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àǹtí Mòòrè

Ìyá Ìbejì, ẹ ò parí ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ wá a?

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Mo wá a, àǹtí mi. Mo tú fáìlì ọdún yẹn, mo ń wo fọ́tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí híjáàbù funfun yẹn. Mo wá mọ orúkọ rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ó ti wà ní ọdún kẹrin báyìí. Mo lọ bá a ní ẹ̀ka tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Kí n tó ṣàlàyé ara mi ló ti ní, "Mo rántí yín, mà." Yorùbá ló fi dá mi lóhùn.

Ó ní òun ò gbọ́ Yorùbá rárá lọ́jọ́ náà. Ojú mi àti ẹ̀rín àwọn yòókù nìkan ni òun rí. Nígbà tó dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó pe ìró ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ìyẹn sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wá kọ́ ọ ní gbólóhùn kan, kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀: "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni." Yorùbá tó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Ó ní ibi gbogbo lòun ti ń sọ ọ́: nínú kọ̀rọ̀pẹ̀, lọ́dọ̀ aláta, ní báńkì. Ọdún mẹ́ta gbáko, ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ń bẹ gbogbo ìlú.

Mo bẹ̀ ẹ́. N kò wí àwíjàre, n kò sọ ti oòrùn tàbí ti èrò tó pọ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bi í. Ó bu ẹ̀pà fún mi, mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá ló wá sí ọ́fíìsì wa, ó mú fáìlì dání. Bó ṣe dé iwájú tábìlì, mo rí i pé ó ti ń la ẹnu láti sọ gbólóhùn yẹn. Mo ti na ọwọ́ òsì tèmi sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì gbé fáìlì lé e. Mo ka orúkọ rẹ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní ó kù díẹ̀. Ó tún un pè fún mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà pè é tẹ̀lé e, kí n tó lu òǹtẹ̀.