Hébérù 6:4-6: ṣé ẹni tó ti di atúnbí lè pàdánù ìgbàlà?

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Hébérù 6:4-6 ló kàn ní kíláàsì wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Onítẹ̀bọmi ni àwọn kan nínú wọn, àwọn kan jẹ́ Elétò, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí: ẹnì kan á ka Jòhánù 10:28, pé kò sẹ́ni tó lè já àgùntàn Jésù gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíì á fi Hébérù 6 dá a lóhùn, ariwo á ta. Mi ò wá ìwàásù. Àwọn wo ni ẹsẹ náà ń bá wí? Irú ìṣubú wo ni? Ṣé ẹni tó bá ṣubú bẹ́ẹ̀ kò tún lè padà ni?

Ọmọ Elétò
Ohun márùn-ún ni òǹkọ̀wé tò nípa àwọn èèyàn yìí: a ti là wọ́n lójú, wọ́n tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò, wọ́n di alábàápín Ẹ̀mí Mímọ́, wọ́n tọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti agbára ayé tó ń bọ̀ wò, wọ́n sì ṣubú kúrò. Bákan náà ló kọ márààrún ní èdè Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ "bí" tí Bíbélì King James fi ṣáájú ìṣubú kò sí níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àfiṣàpẹẹrẹ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Àwọn tí kò gbà á ní onígbàgbọ́ tòótọ́ kọ́ ni wọ́n á sọ pé àwọn èèyàn yìí kàn tọ́ ọ wò ni, wọn ò gbé e mì. Ẹ wo Hébérù 2:9, níbi tí Jésù ti tọ́ ikú wò fún gbogbo èèyàn. Ṣé kò kú tán ni? "Alábàápín" náà ni 3:1 pe àwọn ará mímọ́. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n. Èrò John Wesley, olùdásílẹ̀ Ìjọ Elétò, nìyí nínú ìwé pẹlẹbẹ tó gbé jáde ní 1751 lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kó Jòhánù 15:6 àti 2 Pétérù 2:20-21 mọ́ ọn.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé irọ́ kan tàbí ìbínú kan ló ń gba ìgbàlà lọ́wọ́ èèyàn. Hébérù 10:26 mẹ́nu kan ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dẹ́ṣẹ̀, ẹsẹ 29 sì sọ ohun tó ṣe: ó tẹ Ọmọ Ọlọ́run mọ́lẹ̀, ó ka ẹ̀jẹ̀ májẹ̀mú sí nǹkan lásán, ó kẹ́gàn Ẹ̀mí oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tó kọ Kristi sílẹ̀ pátápátá nìyẹn. Númérì 15:30 ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ṣẹ̀ àfojúdi tí kò sí ẹbọ fún.

Aráa Dort
Mo gbà pẹ̀lú yín lórí irú ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́. Àwọn èèyàn náà gan-an la ò jọ rí bákan náà. Ẹ má dúró ní ẹsẹ 6. Ẹsẹ 7 àti 8 mú ilẹ̀ méjì wá: òjò kan náà rọ̀ sórí àwọn méjèèjì, ọ̀kan hu ewébẹ̀, ìkejì hu ẹ̀gún. Òjò ni gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe èso. Ẹsẹ 9 wá ní, ní tiyín, ẹ̀yin olùfẹ́, a ní ìdánilójú ohun tó dára jù, ohun tó bá ìgbàlà rìn. 1 Jòhánù 2:19 sì sọ ọ́ ṣàkó: wọ́n jáde kúrò lọ́dọ̀ wa torí wọn kì í ṣe ara wa.

Ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín ni pé, bí Ọlọ́run bá ti pinnu láti pa àwọn àyànfẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ni ìkìlọ̀ wà fún? Ẹ ṣí Ìṣe 27. Áńgẹ́lì ti sọ fún Pọ́ọ̀lù pé kò sí ẹni tó máa kú nínú ọkọ̀ náà, èèyàn 276 ló sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀, tí wọ́n ń ṣe bíi pé ìdákọ̀ró ni wọ́n fẹ́ jù síwájú ọkọ̀, Pọ́ọ̀lù sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí ò bá dúró sínú ọkọ̀, ẹ ò lè là. Àwọn ọmọ ogun gé okùn, ọkọ̀ kékeré bá omi lọ. Ìlérí kò yí padà, ìkìlọ̀ yẹn ni Ọlọ́run fi mú un ṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Hébérù 6 ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àyànfẹ́.

Níbi tó ti nira fún wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: 10:29 ní a ti fi ẹ̀jẹ̀ májẹ̀mú ya ẹni náà sí mímọ́. John Owen, ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìsìn ará Gẹ̀ẹ́sì, ní Kristi ni "ẹni" yẹn ń tọ́ka sí. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó yá mi lára jù láti sọ pé ìyàsọ́tọ̀ láàárín ìjọ ni, bíi ti Ísírẹ́lì nísàlẹ̀ Sínáì.

Akọ̀wé Ìtàn
Ẹ fi èyí kún un, ó máa ń pa ariwo lẹ́nu. Arminius, ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìsìn ará Netherlands tí wọ́n máa ń sọ pé ó ní a lè pàdánù ìgbàlà, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1608 pé òun kò kọ́ni rí pé onígbàgbọ́ tòótọ́ lè ṣubú tó fi ṣègbé. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìdá a lẹ́jọ́ ní 1610, Dort, àpérò ìjọ tó wáyé ní Netherlands, ló wá pinnu tirẹ̀ ní 1618 sí 1619. Dort náà kò sì sọ ohun tí àwọn kan ń pariwo, pé ẹni tó ti dáhùn ìpè sí pẹpẹ rí ti gba ìgbàlà tán bó ti wù kó gbé ayé rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run pa mọ́ ni yóò fara dà dé òpin. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn ti 1689.

Ní ti àwọn Elétò, Wesley mú Àpilẹ̀kọ Ìgbàgbọ́ 16 àwọn Áńgílíkà, tó ní a lè kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́ kí a sì tún dìde, ó fi sínú tirẹ̀ ní 1784. Èyí tó tẹ̀ lé e, lórí àyànmọ́, ó yọ ọ́ dànù.

Olùkọ́ Kíláàsì Àgbà
Ẹ ṣé gan-an. Ó ku ọ̀kan: ẹni tó lọ ṣe ètùtù nílé babaláwo nígbà àìsàn, tó ti padà, àmọ́ tó dá a lójú pé Hébérù 6 ti tilẹ̀kùn mọ́ òun. Kí ni ká sọ fún un?

Akọ̀wé Ìtàn
Ọ̀rọ̀ yìí ti délẹ̀ rí. Ní 250, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Onígbàgbọ́ púpọ̀ rúbọ, àwọn mìíràn fowó ra ìwé náà. Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, ní ìjọ kò gbọ́dọ̀ gbà wọ́n padà. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà, kò gbà fún un. Ó ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ kálukú wò. Ẹni tó fowó ràwé kò dà bí ẹni tó rúbọ, àwọn tó rúbọ pẹ́ nínú ìrònúpìwàdà, ṣùgbọ́n wọn ò ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ Elétò
Ẹ jẹ́ kó rí ohun tí "wọ́n tún ń kan Ọmọ Ọlọ́run mọ́ àgbélébùú" jẹ́ nínú ẹsẹ 6: ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ni, wọn ò tíì dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń sunkún pé òun fẹ́ padà kò sí nípò yẹn. Pétérù sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ìbúra kún un, síbẹ̀ Jòhánù 21 wà. Mánásè tó bọ òrìṣà nínú tẹ́ńpìlì gan-an padà, 2 Kíróníkà 33:12-13.

Aráa Dort
Níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni yìí, èmi àti Ọmọ Elétò ò ní jà. Kí ó kó ohun tí wọ́n fún un nílé babaláwo jáde, bíi ti Ìṣe 19:19. Kí alàgbà méjì ràn án lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀, Gálátíà 6:1. Ẹ má tún un ṣèrìbọmi. Ẹ má pè é jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìtúsílẹ̀, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pè é ni ẹ ń sọ fún un pé ti ìṣáájú kò jẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ kíláàsì yẹn, ẹ ka 5:11 dé 6:12 pa pọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sókè.