Ṣé kí n ra ọkọ̀ ìjàpá tuntun, àbí kí n tún ti bàbá mi ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. New Beetle, ìyẹn ìjàpá tuntun ti Volkswagen, tòkúnbọ̀ kan wà fún títà ní Tákíè, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ọkàn mi sì ti fà sí i gidi. Ó rí roboto bíi ti àtijọ́, kódà ìkòkò òdòdó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn.

Àmọ́ ìjàpá bàbá mi ṣì wà nílé. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú. Tuntun yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1997, iwájú ni tiẹ̀ wà, omi ló ń tù ú, orí férémù Golf 4 ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Mẹkáníìkì mi ní ọ̀pọ̀ páàtì Golf máa bá a mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Gíà ọ̀tọ̀mátíìkì ló ní o, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.